Ààrò Tí Ẹ Kọ Òfo Sí

Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Kí o tó ka ohunkóhun, jọ̀ọ́, má fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́. O mọ̀ pé kíláàsì kẹta ni mo ti kúrò nílé ìwé, nígbà tí bàbá mi ní kí n wá máa bá ìyá mi gbé ẹ̀pà lọ sọ́jà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo ní láti rò kí n tó kọ ọ́, bí ẹni tó ń yọ egungun kúrò lára ẹja fún ọmọdé. Bí ìlà bá wọ́, fojú tọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ mi ò yára, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀.

Bébà tí mo fi ń kọ ọ́, etí ìwé tí wọ́n gé kúrò ní Ṣómólú ni. Ọkọ mi ló kó o wá fún mi. Wò ó, mo kọ "ọkọ mi," mo sì bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń wò mí. Ojú ń tì mí síbẹ̀, Àjíkẹ́. Obìnrin tó ti bí ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, òun náà ló tún ń jẹ́ ìyàwó. Ó ní kí n jẹ́ kí òun bá mi kọ lẹ́tà náà, pé ọwọ́ òun dára ju tèmi lọ. Mo ní rárá o, ọ̀rọ̀ èmi àti ọmọ mi ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé báàgì rẹ̀, ó gba ibi iṣẹ́ lọ.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. O ní láti ìgbà tí àwọn sójà ti padà sí bárékè, tí ìjọba ti bọ́ sọ́wọ́ alágbádá, gbogbo yín lọ́fíìsì ń wá iṣẹ́ tí ojú ará ìlú máa rí. O ní ìwọ ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ etí omi Ìlàjẹ fún, ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀. O ní wọ́n máa kọ́ ọjà tuntun sẹ́yìn Onípanu, oní sìmẹ́ńtì, oní páànù, kí àwa obìnrin tí à ń yan ẹja lè kúrò nínú ẹrẹ̀ àti èéfín. O wá kọ ọ́ báyìí: "Màámi, ìdàgbàsókè ti dé bá yín. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni màá fọwọ́ sí i."

Mo sunkún ayọ̀. Ọmọ tí mo máa ń fi etí ìró nu omi ojú rẹ̀ nítorí èéfín, òun ló fẹ́ fi bírò kan ṣoṣo ṣí gbogbo wa nípò. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo nu ojú tán, àyà mi já. Nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún ọ rí láti kékeré rẹ. Nǹkan kejì sì wà nínú ìwé tí o fẹ́ fọwọ́ sí yẹn tí ìwọ fúnra rẹ kò mọ̀. Mo fẹ́ kí o gbọ́ méjèèjì kí ọjọ́ Ẹtì tó dé. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó.

Nígbà tí bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, gbé mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, mi ò tíì rí omi tó ju odò tí à ń pọn lọ. O mọ̀ pé bíríkìlà ni. Yàrá kan ló gbà ní Bàrígà, ní òpópó tó dà sí Ìlàjẹ. Lówùúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ mo jáde láti gbálẹ̀, mo rí ọ̀sà. Ìkùukù bò ó, àwọn ọkọ̀ ń yọ jáde níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń rántí nǹkan díẹ̀díẹ̀. Mo dúró, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mi ò gbá nǹkan kan. Títí di òní, tí mo bá gbóòórùn omi yẹn lówùúrọ̀, ọmọge tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè dé ni mo tún máa ń dà.

Ìyá Ẹ̀bùn ló kọ́ mi níṣẹ́. Ìwọ mọ̀ ọ́n ní arúgbó tó ń fún ọ ní orí ẹja, ṣùgbọ́n nígbà náà egungun rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ sì le jù ú lọ. Ọmọ Ìlàjẹ gan-an ni, omi ló bá láyé. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ra ẹja, mo gbé e sílẹ̀, mo ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ó pariwo mọ́ mi.

"Ìwọ ará òkè yìí, iṣu lo pè é ni? Iṣu lè sùn sóko kó jí. Ẹja ò mọ oorun. Tí oòrùn bá ti fọwọ́ kàn án kí iná rẹ tó kàn án, oòrùn ló ni ín, kì í ṣe tìrẹ mọ́."

Ó kọ́ mi bí a ṣe ń ká ẹja, kí ìrù wọ ẹnu. Ó kọ́ mi ní igi tó ń mú ẹja pọ́n àti igi tó ń mú un korò. Ó kọ́ mi ní igbe. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ọkọ̀ lókèèrè á ké pé "Ọkọ̀ dé o!" Ẹni tó wà nítòsí á gbà á, á jù ú fún ẹlòmíràn. Kí o tó fi omi bọjú tán, igbe náà ti dé òpópó wa, gbogbo obìnrin ti ń sáré. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń ṣa ẹja tó dára.

Ó sì kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ bàsíà. Jọ̀ọ́, fi èyí sọ́kàn, mo ṣì ń padà bọ̀ wá síbẹ̀. Ní Ìlàjẹ, bí obìnrin kan ò bá lè wá, bóyá ó bímọ, bóyá ara rẹ̀ ò yá, bóyá ó lọ sílé, ẹnì kan á dojú bàsíà dé ààrò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa dáná níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa sún un. Bàsíà yẹn ni orúkọ rẹ̀ títí yóò fi dé. Nígbà tí mo bí ọ, ogójì ọjọ́ ni mi ò fi dé etí omi. Ìgbà tí mo pọ̀n ọ́ débẹ̀, ààrò mi wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀, bàsíà mi dorí kodò lórí rẹ̀, àwọn adìyẹ ń sùn lórí bàsíà.

Ó yẹ kí n mọ iyì ibẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni mí.

O pé ọmọ ọdún méjì, a lọ síbi ìkómọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo jókòó ti obìnrin kan tí a jọ wá láti ìlú kan náà. Ó rọra fi ìborùn bo imú. Kò sọ nǹkan kan o. Ká ní ó sọ̀rọ̀ ni, ǹ bá fèsì. Ó kàn rọra sún, àlàfo kan wá wà láàárín wa lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí mo délé mo gbóòórùn aṣọ ara mi. Èéfín ni. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi, èéfín ni.

Mo sọ fún bàbá rẹ lọ́jọ́ náà pé ṣọ́ọ̀bù ni mo fẹ́, ní Fádèyí, létí títì Ìkòròdú, ibi tí èrò ti ń wọ́ bí ìjàlọ. Ó wò mí.

"Ṣé o ti bi Ìyá Ẹ̀bùn?"

"Ṣé òun ló gbé mi níyàwó ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ọkùnrin tó ń jiyàn. Ó gbé irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ mọ ààrò tuntun fún mi sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé bàsíà mi kúrò ní Ìlàjẹ, mi ò kí ẹnikẹ́ni pé ó dàbọ̀.

Àjíkẹ́, nǹkan mẹ́ta ni mo rò pé ó máa sọ mí di ọlọ́lá: èrò pọ̀ níbẹ̀, èmi nìkan ni mo máa ta ẹja níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù sì ní ìlẹ̀kùn àti sìmẹ́ńtì. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló nà mí. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ìkíní ni èrò. Èrò pọ̀ ní Fádèyí lóòótọ́, ṣùgbọ́n èrò tó ń sáré ni. Ẹni tó ń lé bọ́ọ̀sì kì í ra ẹja tó máa rùn mọ́ ọn lára dé ibi iṣẹ́. Wọ́n á kí mi dáadáa, "Ìyá oníṣọ́ọ̀bù, ẹ kú ọjà o," wọ́n á sì kọjá. Ojú pọ̀ níbẹ̀, ọwọ́ ò sí. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá dúró ní Onípanu tí ẹ ń ka orí, ẹ bi àwọn tó ni orí náà léèrè ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹsẹ̀ tó pọ̀ lójú ọ̀nà kọ́ ni oníbàárà.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ pé èmi nìkan. Mo ní oníbàárà kan láti Múṣín, obìnrin sísanra kan tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ìlàjẹ ló ti ń ra ẹja lọ́wọ́ mi látọjọ́ pípẹ́. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó máa wá bá mi ní Fádèyí, ó sún mọ́ ọn ju Ìlàjẹ lọ. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ìyàwó, mo fẹ́ràn rẹ o. Ṣùgbọ́n tí mo bá dé Ìlàjẹ, tí ẹja ẹni àkọ́kọ́ bá kéré, mo yà sọ́dọ̀ ẹnì kejì. Tí ẹnì kejì bá ń ṣe fújà, mo ṣe bí ẹni tó ń lọ, ẹnì kẹta á fà mí láṣọ. Tí mo bá wá sọ́dọ̀ rẹ, tí tìrẹ ò wù mí, ṣé ọ̀dọ̀ fọ́kánáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ni kí n yà sí?"

Mo bínú sí i. Ọdún púpọ̀ kọjá kó tó yé mi. Mo rò pé àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi ń gba oníbàárà lọ́wọ́ mi, àṣé àwọn ló ń pè wọ́n wá fún mi. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ẹni tó bá sọ fún yín lọ́fíìsì pé kí ẹ tú wa ká, kí ẹ fi díẹ̀ síbí, díẹ̀ sọ́hùn-ún, kí ibẹ̀ lè mọ́, ẹ sọ fún un pé a ti dán an wò. Ìyá Àjíkẹ́ ti dán an wò.

Ìkẹta ni sìmẹ́ńtì yẹn. Ní Ìlàjẹ, omi ló ń gbé igi wá fún wa. Èèpo pákó àti àjákù láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú, ọkọ̀ ló ń kó o wá, a ó kàn na ọwọ́ mú un. Ní Fádèyí, orí mi ló ń gbé e. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dáná, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa yọ sí mi pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ìyá ẹlẹ́ja, aṣọ funfun ni mo sá, aṣọ eérú ni mo ká! Ṣé kí n sọ fún ọ̀gá mi pé ibi iná ni mo sùn sí?"

Lánlọ́ọ̀dù gbọ́. Iná mi kú lọ́jọ́ náà. Ni mo bá di ẹni tó ń lọ ra ẹja tútù ní Ìlàjẹ láti wá tà láìyan ní Fádèyí. Fádèyí ò jìnnà, o lè fẹsẹ̀ rìn ín. Lórí máàpù yín, mo mọ̀ pé kò ju ìka kan lọ. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ igbe mọ́. Ohùn Ìyá Ẹ̀bùn ò dé títì. Ìgbà tí mo bá fi máa mọ̀ pé ọkọ̀ dé, ìgbà tí mo bá fi máa dé etí omi, ṣàwá tó kù nílẹ̀ ni èyí tí gbogbo ayé ti tẹ̀ níkùn. Ṣé o rí i? Bí ọ̀nà ṣe jìn tó, kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan la fi ń wọ̀n ọ́n. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó fi ń wọn ọ̀nà tirẹ̀. Ohùn ni tiwa.

Ó wá ku ohun tí mi ò sọ fún ọ rí.

Ní ọjọ́ kan, ọjà mi ti ń gbẹ, Ìyá Ẹ̀bùn fẹsẹ̀ rìn wá sí Fádèyí. Mi ò ránṣẹ́ sí i. Ó ti ṣa ọ̀bọ̀kún tó dára pamọ́ fún mi, ó gbé e sórí. Ìró rẹ̀ tutù, omi ẹja ń kán sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn obìnrin méjì tó wọṣọ tó mọ́ wà níwájú mi tí wọ́n ń wo ẹja. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyàwó, wá sọ̀ mí." Àwọn obìnrin náà bojú wò ó. Mo rántí ìborùn inú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sì sọ fún un, bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí: "Ẹ gba ẹ̀yìn wá."

Ó wò mí. Ó gba ẹ̀yìn. Nígbà tí mo débẹ̀, ẹja wà nílẹ̀, òun ti lọ. Àwọn obìnrin méjèèjì ò sì ra nǹkan kan.

Mo lo ọdún kan ààbọ̀ ní Fádèyí kí n tó ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà. Ọjọ́ tí mo padà sí Ìlàjẹ, mo fara pamọ́ títí mo fi rò pé Ìyá Ẹ̀bùn ti lọ ta ẹja. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń wá ra ẹja, etí ọkọ̀ ni mo ń mọ, ojú ò jẹ́ kí n dé ìdí ààrò. Mo mọ̀ pé ààrò mi á ti di ti ẹlòmíràn, bàsíà tèmi ti wà ní Fádèyí. Mo débẹ̀. Bàsíà kan dorí kodò lórí ààrò mi. Etí rẹ̀ búlúù, ó ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo mọ̀ ọ́n. Ti Ìyá Ẹ̀bùn ni, bàsíà tó dára jù nínú méjì tó ní. Mo bojú wo ìdí ààrò tirẹ̀, mo rí kórobá ẹlẹ́tì jíjá tó fi ń gbé ẹja láti ọdún kan ààbọ̀.

Ohùn rẹ̀ ti ẹ̀yìn mi wá.

"Ìyàwó Fádèyí, ẹ káàbọ̀ o. Ṣé kí n gba ẹ̀yìn wá ni?"

Gbogbo etí omi bú sẹ́rìn-ín. Mo bú sẹ́kún. Ó ṣí bàsíà kúrò, ó nu orí ààrò pẹ̀lú ìró rẹ̀, ó ní, "Tètè sunkún tán. Ọkọ̀ ń bọ̀."

Kò sọ ọ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ààrò yẹn ni mo fi tọ́ ọ, nígbà tí bàbá rẹ kú. Ààrò yẹn ló rán ọ lọ sí yunifásítì tí o ti kọ́ nípa ilẹ̀ àti ìlú. Mo rántí bí o ṣe máa ń jókòó lórí àpótí, tí o ń ka ìwé sókè sí mi létí, tí Ìyá Ẹ̀bùn á ní, "Kí ni wọ́n ń sọ níbẹ̀?" tí o bá sì túmọ̀ rẹ̀, á ní, "Ìyẹn náà ni wọ́n kọ sínú ìwé ńlá báyìí? A ti mọ̀ ọ́n." Ọjọ́ dáadáa ni ọjọ́ wọ̀nyẹn, Àjíkẹ́. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé wọ́n dára tó bẹ́ẹ̀.

Mi ò mọ̀ bóyá ìkẹrin ni èyí àbí ìkarùn-ún. O bi mí lẹ́yìn ìgbéyàwó wa pé kí ló dé tí mi ò kó lọ sí Ṣómólú lọ́dọ̀ ọkọ mi, níbi tí omi ẹ̀rọ wà nínú ọgbà. Mo dá ọ lóhùn pé ó wù wá bẹ́ẹ̀ ni. Ojú ló tì mí. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ níbi tí mi ò ti rí ojú rẹ.

O mọ̀ pé ìwé àloku ni mo máa ń lọ kó ní Ṣómólú láti fi wé ẹja. Ọjọ́ pẹ́ tí ẹja Ìlàjẹ ti ń fi bébà Ṣómólú ṣe aṣọ. Ibi tí ọkọ mi ti ń gé ìwé, tó ń rán an, ni mo ti máa ń kó o. Mo máa ń jókòó wò wọ́n. Ẹnì kan á tẹ̀wé, á gbé e kọjá gọ́tà sọ́dọ̀ ẹni tó máa ká a, ìyẹn á gbé e wá fún ọkọ mi láti gé. Kò sẹ́ni tó ní gbogbo ẹ̀rọ. Mo bi í pé ṣé kò lè lọ dá dúró níbi tó parọ́rọ́. Ó ní, "Tí o bá mú mi kúrò ní òpópó yìí, ọkùnrin tó ní ọ̀bẹ lásán ni mí." Mo rẹ́rìn-ín títí. Èmi tí mo ti dé Fádèyí, ó yé mi.

Nígbà tó ní òun fẹ́ fẹ́ mi, inú mi dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí. Ilé ọkọ ni ìyàwó ń lọ. Mi ò sì ní gbọ́ igbe láti Ṣómólú. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Mo kàn ń fi ìka fa ilẹ̀ bí ọmọ kékeré. Òun ló bá mi sọ ọ́: "Ìyá Àjíkẹ́, bébà lè dúró dè mí di ọ̀la. Ẹja ò lè dúró dè ọ́. Èmi ni màá kó wá." Bó ṣe kó wá sí Bàrígà nìyẹn. Ìyá Ẹ̀bùn kò jẹ́ ká gbádùn. "Gbogbo ayé ń gbé ìyàwó wá bá ọkọ, àwa ń gbé ọkọ wá bá ìyàwó. Ẹ bá a ru àpótí rẹ̀ o, ó rẹ ọkọ ìyàwó!" Ọkọ mi náà ń rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, ohunkóhun tí wọ́n bá ní kí o ṣí nípò, bi í léèrè: ṣé ó lè dúró de ọ̀la? Èyí tó bá lè dúró, ó lè rìn. Èyí tí kò bá lè dúró, ẹ jẹ́ kí àwa èèyàn rìn tọ̀ ọ́ lọ.

Mo ti dé ibi tó ń dùn mí wàyí. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, ọkọ mi mú mi lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ìbàdàn. Mo sọ fún ọ pé ọjọ́ mẹ́ta la lò. Irọ́ ni, dárí jì mí. Ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀ ni. A gbádùn ara wa. Nígbà tí mo dé, ààrò mi wà bó ṣe wà, bàsíà sì dé e. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ òdo ńlá kan sí i lára.

Ìyá Ẹ̀bùn ní àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ló wá láti ọ́fíìsì yín, pẹ̀lú tépù àti ìwé. Ààrò tí iná wà nínú rẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà sí i. Èyí tí bàsíà dé, wọ́n kọ òdo sí i. Ó ní òun bá wọn sọ̀rọ̀.

"Màmá, èyí ńkọ́?"

"Onílé ń bọ̀."

"Kò síná, kò séèyàn, Màmá. Òfo ni."

"Ìwọ náà, tí o bá jáde nílé, ṣé òfo ni ilé rẹ ń dà?"

Ó ní wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kọjá. Nígbà tí mo ka iye ààrò tí o kọ sínú lẹ́tà rẹ, pé iye yẹn náà ni ìsọ̀ tí ẹ máa kọ́, mo lọ kà á létí omi. Ẹ yọ gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ bàsíà. Ọ̀kan bímọ, ikùn ò tíì lọ sílẹ̀. Ọ̀kan lọ sin ìyá rẹ̀. Ibà dá ọ̀kan dúbúlẹ̀. Ẹni tó kù jẹ́ ìyàwó ọ̀ṣìngín tó lọ ṣe fàájì ní Ìbàdàn.

Àjíkẹ́, ààrò ìyá rẹ ni ẹ kọ òfo sí.

Mi ò bínú o. Ìwọ kọ́ lo mú ṣọ́ọ̀kì dání. Mo sì mọ ìdí tí o fi fẹ́ gbé wa kúrò. Èéfín yìí kò dára, n kò ní purọ́. Ìyá Ẹ̀bùn ń fi ọwọ́ mọ ẹja báyìí, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Ikọ́ mi, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ máa ń gba bàtà lẹ́sẹ̀ ẹni. Tí ẹ bá lówó sìmẹ́ńtì, ẹ wá dà á sí ojú ọ̀nà tó lọ sétí omi. Ẹ bá wa la gọ́tà. Ẹ ṣe ihò èéfín sókè orí ààrò, kó máa gba òkè lọ, kó yé gba ojú wa. Ẹ gbé omi ẹ̀rọ wá bá wa, ẹ má gbé wa lọ bá omi ẹ̀rọ. Tí ọjà Onípanu bá sì di dandan, ọjà dáadáa ni fún àwọn aláṣọ àti àwọn onírẹsì, àwọn tí ọjà wọn lè sùn kó jí.

Ìdàgbàsókè tí o ní ó ti dé bá wa, inú mi dùn sí i, mo ti ń retí rẹ̀ látìgbà tí mo wà lọ́mọge. Ṣùgbọ́n àlejò tó bá wọlé ẹni, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ béèrè pé ta ló ń gbébẹ̀.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ tuntun ni. Mo mọ̀ pé ọ̀gá rẹ lè bojú jẹ́, kó ní ọmọ àná wo ló ń dá iṣẹ́ àwọn dúró. Ẹ̀rù ń bà mí fún ọ. Àdúrà mi ni pé kí iṣẹ́ náà pẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n èmi náà ti dúró lójú àwọn tó wọṣọ tó mọ́ rí, tí ẹni tó mọ̀ mí dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí omi ń kán lára ìró rẹ̀. O ti gbọ́ ohun tí mo sọ fún un. Kò sí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kó padà sẹ́nu mi tó ìyẹn láyé. Ọmọ mi, má ní ká gba ẹ̀yìn wá.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ kò pọ̀. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí ọjọ́ Ẹtì tó dé, lọ dúró níbi tí ẹ fẹ́ kọ́ ọjà náà sí, ìwọ àti ọ̀gá rẹ tó bá gbà. Ẹ dákẹ́. Ẹ tẹ́tí. Tí ẹ bá gbọ́ igbe wa níbẹ̀, fọwọ́ sí i, a máa kó ẹrù wa. Tí ẹ ò bá gbọ́ ọ, máa bọ̀ ní Ìlàjẹ. Àpótí tí o máa ń jókòó lé ṣì wà. Kí o mú ìwé náà dání, àti bírò. A ó jọ lọ láti ààrò dé ààrò, màá sọ orúkọ ẹni tó wà lábẹ́ bàsíà kọ̀ọ̀kan fún ọ, ìwọ á sì

Dúró. Ṣé o gbọ́? Mo ti fèrèsé o, mo wà nínú yàrá, síbẹ̀ ó ń dún bí ẹni pé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi ló wà. Ìyá Ẹ̀bùn ni. "Ìyàwó ọ̀ṣìngín o! Ọkọ̀ dé o! Ṣé ká wá gbé ìwọ náà ni?" Wọ́n ti gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó ti dé òpópó. Mo ní láti sáré, ọmọ mi. Ohun tó kù ni pé níbi tí wọ́n kọ òfo sí nínú ìwé yẹn, kí o fi ọwọ́ ara rẹ pa á rẹ́, kí o sì kọ